Ta ló wà níbẹ̀ nígbà tí bàbá ń sáìn wíìlì?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tí ẹ gbé jáde nípa àwọn ọmọ bàbá kan tí wọ́n ń fa wíìlì bàbá wọn, ìwé tó fi pín ogún sílẹ̀ kó tó kú, mọ́ra wọn lọ́wọ́ ní kọ́ọ̀tù. Orí ẹni tí bàbá fún nílé àti ẹni tí kò fún ni gbogbo àlàyé yín dá lé, ẹ ò tiẹ̀ sọ bí wọ́n ṣe sáìn ìwé náà rárá, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni wíìlì ti máa ń bàjẹ́. Lọ́yà ni mo bá tẹ̀wé l'Abẹ́òkúta kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí yé mi díẹ̀.

Láwọn ìpínlẹ̀ tó jáde nínú Western Region, òfin wíìlì ti 1958 ni ìpìlẹ̀, Èkó ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, àmọ́ àtòun àtèyí, ara òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti 1837 ni wọ́n ti yọ. Ohun tó ń béèrè ò ju kí wíìlì wà lákọsílẹ̀, kí ẹni tó ni ín sáìn ín níṣojú ẹlẹ́rìí méjì, kí àwọn méjèèjì wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà wá sáìn tiwọn níṣojú ẹ̀. Ó parí. Ṣùgbọ́n 'lẹ́ẹ̀kan náà' yìí làwọn èèyàn kì í kà sí.

Mo wà ní kọ́ọ̀tù lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí kan, alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì, èèyàn dáadáa. Lọ́yà bi í pé níbo ni bàbá jókòó sí tó fi sáìn, ó ní pálọ̀ ni. Ta ló kọ́kọ́ sáìn? Bàbá ni. Ẹlẹ́rìí kejì ńkọ́, apá ibo ló wà? Alàgbà ní, 'Hà, ìyẹn ti sáìn tiẹ̀ lánàá ọjọ́ yẹn, ó fẹ́ rìnrìn àjò.' Lọ́yà yẹn kàn jókòó ni, kò bi í ní nǹkan kan mọ́.

Báyìí ni wíìlì di bébà lásán. Bẹ́ẹ̀, ó nídìí tí bàbá yẹn fi kọ ọ́ o: ìyàwó ju ẹyọ kan lọ, ọmọ àwọn kan pọ̀, ti àwọn kan ò tó nǹkan. Tí wíìlì ò bá sí, ìdí-igi ló kàn, ìyẹn ni pé bí ìyàwó bá ṣe pọ̀ tó la ṣe máa pín in, ọmọ kan ṣoṣo lọ́dọ̀ ìyá kan á gba iye tí ọmọ mẹ́fà máa pín lọ́dọ̀ ìyá kejì. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó ti Èkó dé Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù fún wa nígbà náà, ní London ní 1962 ti fìdí ìyẹn múlẹ̀, pé ìdí-igi ni àṣà wa, àfi tí ìjà bá wà tí olórí ẹbí wá ní kí wọ́n ṣe orí-òjorí, ìyẹn ni pé kí wọ́n pín in lórí iye ọmọ.

Èyí tó tún máa ń dùn mí ni ti àwọn ìyàwó. Bàbá á fi ilé sílẹ̀ fún ìyàwó ẹ̀, á tún ní kóun náà wá sáìn bí ẹlẹ́rìí torí òun ló sún mọ́ ọn jù. Wíìlì ò ní bàjẹ́ o, àmọ́ ilé yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà nìyẹn. Kódà tó bá jẹ́ ọkọ tàbí ìyàwó ẹlẹ́rìí la fún ní nǹkan, ọ̀kan náà ni.

Àwọn míì ò fẹ́ pe ará ìta torí ẹ̀rù pé wọ́n á mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Ta ló ní kí wọ́n kà á? Ẹ pawọ́ bo òkè ìwé náà, ibi tí wọ́n máa sáìn sí nìkan ni kí wọ́n rí, òfin ò ní kí ẹlẹ́rìí mọ̀ ju ìyẹn lọ. Bí bàbá ò bá mọ̀wé, tẹ̀ka ni, àmọ́ kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọ́n ka gbogbo ẹ̀ fún un lédè tó gbọ́ kó tó tẹ̀ka, torí ẹni tó bá gbé wíìlì wá sí kọ́ọ̀tù ló máa fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé bàbá mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn tó ń fi voice note ránṣẹ́ sọ́mọ lórí WhatsApp pé wíìlì àwọn nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹlẹ́rìí kankan nínú fóònù.

Ẹni tó kéré sí yín lọ́jọ́ orí tí wọ́n á sì rí lọ́jọ́ iwájú ni kí ẹ mú ṣe ẹlẹ́rìí, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ lé ní ọgọ́rin ọdún. Tí àwọn ẹlẹ́rìí bá ti kú, wọ́n á máa wá ẹni tó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé wọn kiri ni, wàhálà ńlá sì ni.

Olóòtú, ẹ ní kí akọ̀ròyìn yín padà lọ béèrè orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí wíìlì bàbá yẹn, àti bóyá wọ́n jọ wà níbẹ̀.

Akọ̀wé lọ́yà tó ti fẹ̀yìn tì,
Abẹ́òkúta.