Àkànní, má tíì tọwọ́ bọ̀wé

Cleveland, Ohio

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà ń bẹ láyọ̀, òtútù nìkan ló ń bá wa fà á.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo ka ibi tí o ti ní ilé-iṣẹ́ alágbo kan fẹ́ kí o máa polówó àgbo jẹ̀díjẹ̀dí wọn, torí kò sẹ́ni tí kò mọ ohùn rẹ lórí rédíò níbẹ̀. O ní owó ọ̀hún jọjú, o sì ní kí n sọ èrò mi. Mi ò mọ ohun tí ǹ bá sọ, àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá tí mo ra ẹ̀rọ kọfí kan níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù.

Dọ́là mẹ́fà ni. Ara rẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì hàn níwájú: Mr. Coffee. Mo da omi sí i, mo bu kọfí lílọ̀ sínú bébà rẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó mí hẹ̀ẹ̀ bí ìkòkò tó fẹ́ hó, ni kọfí bá ń kán tó, tó, tó sínú ife dígí. Nígbà tí mo sọ fún bàbá àgbàlagbà kan tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́, ó ní, “Ẹ̀rọ Joe DiMaggio nìyẹn!” Ojú rẹ̀ tàn bí ìgbà tí wọ́n dárúkọ ará ilé rẹ̀.

Eléré bésíbọ́ọ̀lù ni DiMaggio, ọmọ apẹja tó ti Ítálì wá. Nínú líìgì tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ New York Yankees kan ṣoṣo ló ṣeré fún, láti 1936 títí di 1951. Ní 1941, eré 56 tẹ̀lé ara wọn, kò sí èyí tí kò ti fi igi rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tó kẹ́sẹ járí. Kò tíì sẹ́ni tó bá a débẹ̀ nínú líìgì yẹn títí dòní. Cleveland níbí ni wọ́n ti dá a dúró, lálẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Keje, lójú èèyàn 67,468. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbá bọ́ọ̀lù líle, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni Ken Keltner, eléré Cleveland, he é tó sì jù ú padà kó tó sáré débi tó ń lọ. Wọ́n ti wó pápá yẹn. Mo ti dúró níbẹ̀ rí, létí adágún Erie, atẹ́gùn ń fẹ́ yẹ́ẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ Cleveland yìí kan náà, ní Bedford Heights, ni ilé-iṣẹ́ Mr. Coffee wà nígbà náà. Vincent Marotta àti Samuel Glazer ló gbé e jáde ní 1972. Kó tó dìgbà yẹn, kẹ́tùlù ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń se kọfí, omi kan náà á máa gba orí rẹ̀ kọjá léraléra títí á fi korò. Nínú tiwọn, ẹ̀ẹ̀kan péré lomi ń kọjá. Marotta kò bá DiMaggio pàdé rí, ó kàn pè é lórí fóònù pé kó wá bá wọn polówó ẹ̀rọ náà ni. Ìyẹn kọ̀. Marotta bá wọ bàálù lọ sí San Francisco, wọ́n jọ jẹun ọ̀sán, ó sì gbà.

Mo wá àwọn ìpolówó náà wò. Ìwọ náà mọ bí àwọn tó ń kiri ọ̀lẹ̀lẹ̀ ṣe máa ń ké: “Ó gbóná fẹlifẹli!” DiMaggio kò ké rárá. Irun rẹ̀ ti funfun, ó wọ kóòtù, ó rọra ń sọ̀rọ̀ bí àlejò tó wá kí ọ nílé. Kì í ṣe ẹni tó ń tú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ síta. Nígbà tí ìgbéyàwó òun àti Marilyn Monroe, gbajúgbajà òṣèré fíìmù, tú ká ní 1954, láìpé ọdún kan, kò gbé e sórí ahọ́n fáyé gbọ́. Mo gbà pé ìdí tí wọ́n fi gbà á gbọ́ nìyẹn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ́n, tó bá wá ní nǹkan dára, èèyàn á dúró gbọ́ ọ.

Síbẹ̀, ohun kan dùn mí. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn tó ti kúrò lórí pápá, ẹni tó ń polówó kọfí ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Wọn ò mọ 56.

Ọgbẹ́ inú tún ń yọ ọ́ lẹ́nu látìgbà tó wà nínú ológun, wọ́n sì ní kì í fi bẹ́ẹ̀ mu kọfí. Mi ò bá a wí. Ẹ̀rọ ló ń tà, bí kò bá sì dára, èèyàn á jù ú sí ààtàn. Àgbo kò rí bẹ́ẹ̀, Àkànní. Inú ara ló ń lọ. Awakọ̀ tó ń gbọ́ ọ láago márùn-ún ìdájí, tó gba ohùn rẹ gbọ́ láti ọjọ́ pípẹ́ wá, torí pé ìwọ lo sọ ọ́ ló ṣe máa rà á.

Nítorí náà, kọ èsì sí mi kí o tó tọwọ́ bọ ìwé wọn. Ta ló ń se é, níbo ni wọ́n ti ń se é? Ṣé nọ́ńbà NAFDAC wà lára ìgò? Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o ti mu ún rí?

Bá mi kí Ìyá dáadáa.

Èmi ni,
Àjàní rẹ