Ẹ má tíì pa káàdì yẹn rẹ́

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwa onífídíò tí a ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá àti káàkiri òkè Ọya ni mo bá wá, pàápàá bí a ṣe ń tọ́jú káàdì ìrántí (memory card) tí kámẹ́rà ń gba fídíò sí, mo sì fẹ́ kí àwọn olówó ìnáwó tó ń gbé iṣẹ́ fún wa náà gbọ́ ọ.

Láyé téèpù, ohun tí a fi gba àwòrán náà la fi ń pa á mọ́. Bí téèpù kékeré MiniDV oníwákàtí kan bá ti kún, a ó ti bọ́tìnnì kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ sí SAVE kí ẹnikẹ́ni má baà gba nǹkan mìíràn lé e, a ó kọ orúkọ sí i lára, ó di inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ti káàdì yàtọ̀. Owó rẹ̀ kò jẹ́ kí a lè máa ra tuntun fún gbogbo ìnáwó, nítorí náà èyí tí a lò lónìí la ó tún lò ní Sátidé tó ń bọ̀. Àárín Sátidé méjèèjì yìí gan-an ni fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú àgbà ti ń sọnù.

Iye tí kámẹ́rà ń kọ sórí káàdì ló yẹ ká kọ́kọ́ mọ̀. Mẹ́gábíìtì ni wọ́n fi ń kà á. Tí a bá fi 8 pín in, ó di mẹ́gábáìtì, èyí tí ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì (GB) kan tí a fi ń wọn àyè káàdì. MPEG HD422 ti XDCAM, ọ̀kan lára ọ̀nà ìgbàwòrán HD ti Sony, ń kọ mẹ́gábíìtì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí kan rẹ̀ á sì gbà tó 22.5 GB. XAVC S 4K, ti Sony náà fún 4K tó mọ́ ju HD lọ, tó jẹ́ 100 á gba 45 GB. Èyí tó ń tọ́jú fírémù (àwòrán ẹyọ kan nínú fídíò) kọ̀ọ̀kan ní odindi, XAVC-I 4K onífírémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹ́ 250, ó sì ń gba bíi 112 GB ní wákàtí kan. Ìnáwó oníwákàtí mẹ́fà pẹ̀lú kámẹ́rà kan ṣoṣo á jẹ́ 270 GB lórí 100. Lórí 250, ó di 675 GB. Ká tó wá sọ ti kámẹ́rà kejì. Ní tèmi, HD tó dáa, 4:2:2 (tó ń tọ́jú àwọ̀ dáadáa) pẹ̀lú mẹ́gábíìtì 50, ti tó fún ọ̀pọ̀ ìnáwó tí àwọn ènìyàn á wò lórí fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ilé. Kí ẹni tí kò bá ní ibi tí yóò kó 4K sí má tíì gba iṣẹ́ 4K.

Nọ́ńbà gàdàgbà tó wà níwájú káàdì, bíi 170 tàbí 200, ìyára tí a fi ń ka nǹkan jáde ni, kì í ṣe èyí tí kámẹ́rà fi ń kọ fídíò sórí rẹ̀. Lẹ́tà V tó ní nọ́ńbà lẹ́yìn, tí wọ́n kọ sára káàdì, ni kí ẹ máa wò. V30 túmọ̀ sí pé ìyára tí a fi ń kọ nǹkan sórí rẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ ju mẹ́gábáìtì 30 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn mẹ́gábíìtì 240. Ó pọ̀ tó fún 100 dáadáa, ṣùgbọ́n 250 ti kọjá agbára rẹ̀. Kámẹ́rà lè dá dúró láàárín ìwàásù. V60 tàbí V90 ni kí ẹ lò níbẹ̀. Ayédèrú náà sì pọ̀ lọ́jà: wọ́n á kọ 128 GB sí i lára, inú rẹ̀ kò ju 16 lọ. Bí àyè gidi bá ti kún, ohun tó kù kò ní í wọlé, tàbí kó máa gun orí ti àkọ́kọ́. Kí káàdì tuntun tó lọ sóde, ẹ fi H2testw, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dán káàdì wò, kọ ọ́ kún, kó sì kà á padà. Ó lè gba wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún 128 GB.

Bí kámẹ́rà bá ní ojú káàdì méjì, ẹ jẹ́ kó máa kọ sórí méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pọ̀ ló ń lò ó kí èkejì máa gbà á nígbà tí àkọ́kọ́ bá kún. Ìyẹn wúlò fún ìpàdé gígùn, àmọ́ a kì í so yìgì lẹ́ẹ̀mejì.

Níbi kíkó fídíò láti inú káàdì sí kọ̀ǹpútà ni wàhálà pọ̀ sí jù. Àwọn kan á wọ inú fódà, wọ́n á fa fáìlì tó bá ṣáà ti jọ fídíò jáde. Nínú káàdì P2, irú ti kámẹ́rà Panasonic, fódà CONTENTS ló wà lókè. Nínú rẹ̀, VIDEO wà lọ́tọ̀, AUDIO wà lọ́tọ̀, CLIP náà wà lọ́tọ̀. Ẹni tó bá kó VIDEO nìkan ti fi gbogbo àdúrà àti orin sílẹ̀ nìyẹn. Ní ti AVCHD, irú fídíò HD tí ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kékeré ń gbà, FAT32 (ọ̀nà tí a fi ń to fáìlì sórí káàdì) kì í gba fáìlì tó bá ju 4 GB lọ, nítorí náà kámẹ́rà á gé ètò gígùn sí fáìlì mélòó kan. Bí ẹ bá fa àwọn fáìlì wọ̀nyẹn, tí orúkọ wọn ń parí sí .MTS, jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ohùn lè já níbi tí ọ̀kan ti parí tí èkejì bẹ̀rẹ̀. Odindi káàdì ni kí ẹ kó, láti fódà òkè pátápátá, sínú fódà tí ẹ kọ ọjọ́, orúkọ ìnáwó àti nọ́ńbà káàdì sí: A1, A2 fún kámẹ́rà kìíní, B1 fún èkejì.

Ẹ kó o sórí dírafù méjì, kí ẹ sì lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ àdàkọ wò, bíi TeraCopy, nítorí pé fáìlì lè pé ní iye kí inú rẹ̀ bàjẹ́. USB 2.0 tó ń gbé bíi mẹ́gábáìtì 35 á lo wákàtí méjì ó lé díẹ̀ lórí 270 GB, USB 3.0 tó ń gbé 90 á lo àádọ́ta ìṣẹ́jú. Ẹ má gbára lé iná NEPA fún un. Kí dírafù kejì má sùn nínú ilé kan náà pẹ̀lú àkọ́kọ́. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó pa káàdì rẹ́, inú kámẹ́rà gan-an ni kí ẹ sì ti ṣe é, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà.

Bí bátìrì bá yọ nígbà tí iná pupa ṣì ń tàn, fáìlì kò ní í tíì dí. Ẹ dá káàdì padà sínú kámẹ́rà kan náà. Ọ̀pọ̀ wọn á béèrè bóyá kí àwọn tún un ṣe. Ẹ má jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá yín tún un ṣe. Bí ẹ bá sì ti pa nǹkan rẹ́ láìmọ̀, ẹ yọ káàdì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ fi PhotoRec, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá ohun tí a ti pa rẹ́, wá a. Bí ẹ bá gba nǹkan mìíràn lé e, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lásìkò ọyẹ́, eruku Kánò àti Jọ́ọ̀sì kò dára fún ojú káàdì. Inú ọkọ̀ tàbí yàrá ni kí ẹ ti máa pààrọ̀ rẹ̀, kí èyí tí ẹ bá yọ sì wọ inú páálí rẹ̀ lọ́gán.

Olówó ìnáwó náà ní ipa tirẹ̀. Kí ó bá onífídíò ṣàdéhùn lórí ìwé pé yóò gba àdàkọ ohun tí kámẹ́rà gbà gan-an, kó mú dírafù tirẹ̀ wá, kó sì ṣí fáìlì mẹ́ta wò kó tó lọ: ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nípárí.

Onífídíò kan,
Kubwa, Àbújá.