Ta ló fọwọ́ sí ìwé yẹn ní orúkọ mi?

Ọjà Kábà,
Ìpínlẹ̀ Kogí.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Owó Ìfẹ̀yìntì,
Ẹ̀ka Lọ́kọ́ja.

Ọ̀gá mi,

ÌDÁ 40 NÍNÚ ỌGỌ́RÙN-ÚN OWÓ ÌFẸ̀YÌNTÌ MI TÍ WỌ́N YÍ PADÀ LÁÌSỌ FÚN MI

Gààrí ni mo ń tà ní ọjà Kábà. Bí àsìkò kajú bá dé, láti oṣù kejì títí dé oṣù karùn-ún, mo máa ń ra kajú lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìjùmú àti Bùnú, mo sì ń tà á fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ ńlá kó o lọ. Owó tó ń wọlé fún mi kì í dọ́gba láti oṣù dé oṣù, kò sì sí ọ̀gá tó ń bá mi fi owó kún owó ìfẹ̀yìntì mi. Ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tàbí òṣìṣẹ́ báńkì yàtọ̀: wọ́n á yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ fún ìfẹ̀yìntì, ẹni tó gbà á síṣẹ́ á fi ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Tèmi, gbogbo kọ́bọ̀ tó wà nínú àkáǹtì ìfẹ̀yìntì mi lọ́dọ̀ yín, èmi nìkan ni mo fi ọwọ́ ara mi wá a.

Oṣù kìíní 2022 ni aṣojú yín wá sí ìlà wa. “Okun o” ló fi kí wa, bí ọmọ ilé ṣe ń kí ọmọ ilé, ọkàn wa sì balẹ̀. Ó ní láti 2019 ni ìjọba ti dá ètò owó ìfẹ̀yìntì yìí sílẹ̀ fún àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ara wa, àgbẹ̀, télọ̀, onídìrí, awakọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: bí ìṣòro bá dé kí n tó darúgbó ńkọ́? Ó ní nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí mo bá san, 40 náírà wà nílẹ̀ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì lè gbà á bí oṣù mẹ́ta bá ti kọjá lẹ́yìn àkọ́san. 60 yòókù ni n kò ní fọwọ́ kàn àfi bí mo bá pé ẹni 50 ọdún. Ìdáhùn yẹn ni mo dúró lé. Alájọ wa ń gba owó láràárọ̀, bí oṣù bá parí, á kó o fún mi láìbéèrè ohunkóhun, á sì yọ ti ọjọ́ kan tirẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti ìdá 40 yẹn, n kì bá tí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

N kò fo oṣù kan. ₦10,000 lóṣooṣù nígbà kajú, ₦3,000 bí kajú bá ti tán, ₦64,000 lọ́dún. Fún ọdún mẹ́ta, láti oṣù kejì 2022 títí di oṣù kìíní 2025, ó jẹ́ ₦192,000. Ìdá 40 rẹ̀ jẹ́ ₦76,800, a kò tíì ka èrè, a kò sì tíì ka èyí tí mo san láti ìgbà náà.

Ní ìparí oṣù kẹta, òjò àkọ́rọ̀ bá ìjì wá, ó ká páànù ìsọ̀ mi lọ. Àpò gààrí mẹ́ta rin gbingbin. Kajú tí mo ti sá gbẹ tún tutù, ó bu, àwọn oníbàárà mi kò rà á. Mo wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì yín ní Lọ́kọ́ja láti gba ₦50,000. Wọ́n ní ìdá 40 mi ti di òfo, pé láti oṣù kọkànlá 2023 ni mo ti fọwọ́ sí i kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú èyí tó wà fún ọjọ́ ogbó.

Èmi kọ́.

Mo mọ̀ pé òfin gba ènìyàn láyè láti yí i padà bẹ́ẹ̀ bó bá wù ú. Ohun tí mo ń sọ ni pé kò wù mí, ẹnikẹ́ni kò sì bi mí. Mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n fi ìwé náà hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó fọwọ́ sí i kọ orúkọ mi gùn gbọọrọ, ó so gbogbo lẹ́tà pọ̀. Ọ̀gá mi, lẹ́tà méjì péré ni mo fi ń fọwọ́ síwèé, bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní ilé-ìwé àgbà. Ó wà lórí ìwé tí mo fi forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ gbé méjèèjì síra wọn. Mo ní kí wọ́n tẹ ẹ̀dà kan fún mi, wọ́n kọ̀. N kò sì lè mọ̀ tẹ́lẹ̀, torí àpapọ̀ owó nìkan ni àtẹ̀jíṣẹ́ yín máa ń kọ sórí fóònù mi, kì í pín in sí ọ̀nà méjì.

Obìnrin tó dá mi lóhùn bọ̀wọ̀ fún mi, ó fún mi níjòkòó. Ṣùgbọ́n ó ní, “Mọ́mì, ṣebí owó yín náà ló ń pọ̀ sí i fún ọjọ́ ogbó.” Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹni ọdún 44 ni mí. Ṣé ọdún mẹ́fà ni ìsọ̀ mi yóò fi wà láìní òrùlé? ₦60,000 ni mo yá lọ́wọ́ olówó èlé, ₦6,000 ni èlé rẹ̀ lóṣù, nígbà tí owó tèmi wà nílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì gba ọ̀nà Lọ́kọ́ja yẹn pẹ̀lú ẹ̀rù ajínigbé.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ẹ̀dà ìwé náà ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sọ orúkọ òṣìṣẹ́ tó gbà á wọlé àti ọjọ́ tó gbà á, kí ẹ sì dá ìdá 40 mi padà sí àyè rẹ̀ pẹ̀lú èrè rẹ̀. Kí ẹ kọ ìdáhùn sínú ìwé, kì í ṣe lórí fóònù. Bí ọjọ́ 14 bá kọjá láìsí ìdáhùn, PenCom, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, ni mo ń gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá.

Ohun kan tún kù. Obìnrin márùn-ún ní ìlà wa ló forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín nítorí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ti Lọ́kọ́ja dé ni wọ́n ti ń bi mí bóyá ìdá 40 tiwọn ṣì wà, n kò sì rí èsì fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ pe oníkálukú wọn.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ìyá oní-gààrí, Ọjà Kábà.
(PIN mi, ìyẹn nọ́ḿbà àkáǹtì ìfẹ̀yìntì mi, wà lẹ́yìn ìwé yìí.)