Ìyábọ̀, ilé alámọ̀ ṣì ń bẹ níbí

Budapest,
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn Àjíǹde

Ìyábọ̀ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo fẹ́ pè ọ́ lálẹ́ àná, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa já mọ́ni lẹ́nu. Mo ní kí n kúkú jókòó kọ ọ́.

Mo lọ sí Hollókő lánàá. Abúlé kékeré kan ni láàárín àwọn òkè Cserhát, ó tó nǹkan bíi 100 kìlómítà sí ibí. Holló ni ẹyẹ ìwò, kő ni òkúta. Palóc ni wọ́n ń pe àwọn tó ni ibẹ̀. Ará Họ́ngárì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu wọn yàtọ̀ díẹ̀ sí ti ará Budapest, bí ẹnu àwa ará Òkè-Ògùn ṣe yàtọ̀ sí ti ará Èkó.

Bí mo ṣe yà sí òpópónà àárín abúlé ni mo dúró. Ilé alámọ̀ lọ́tùn-ún, ilé alámọ̀ lósì! Wọ́n fi ẹfun kùn wọ́n, wọ́n funfun báláú, ọ̀dẹ̀dẹ̀ olópòó igi sì wà lára wọn. Mo gbé ọwọ́ lé ògiri ọ̀kan. Ó tutù, ó sì rí gbágungbàgun lábẹ́ ẹfun, o lè mọ ibi tí ọwọ́ ẹni tó rẹ́ ẹ gbà kọjá. Ìyábọ̀, omi bọ́ lójú mi. Ògiri ilé Màmá ni mo fọwọ́ kàn, ibi tí a máa ń fẹ̀yìn tì pa àlọ́, tí ẹfun á gba gbogbo ẹ̀yìn aṣọ wa, tí ìyá rẹ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Ṣé òótọ́ ni ohun tí Àǹtí Ìlọrin sọ fún mi? Wọ́n ní Bọ̀ọ̀dá Àgbà fẹ́ wó ilé Màmá, ó ti mú àwọn bíríkìlà wá wọn ilẹ̀, pé ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà ló fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti gbọ́, oorun mi kò já geere mọ́.

Iná ti jó abúlé tí mò ń sọ yìí rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Èyí tó jó ní 1909 ba ọ̀pọ̀ ilé jẹ́, torí koríko ni wọ́n fi bo orí ilé nígbà yẹn. Nígbà tí wọ́n máa tún un kọ́, bí ilé bàbá wọn ṣe rí náà ni wọ́n kọ́ ọ, amọ̀ sísun ni wọ́n kàn fi rọ́pò koríko. Ní 1987, UNESCO, àjọ àgbáyé lórí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé, irú orúkọ tí wọ́n fún igbó Ọ̀ṣun l'Óṣogbo ní 2005. Ilé àgbẹ̀ ni o, kì í ṣe ààfin!

Wọ́n ń ṣọdún lọ́wọ́ nígbà tí a dé. Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, àwọn ọ̀dọ́kùnrin a máa da omi sára àwọn ọmọbìnrin. Kì í ṣe pé wọ́n ń wọ́n ọn o, odindi garawa ni! Ọmọbìnrin kan wọ yẹ̀rì lórí yẹ̀rì, ó rí bìrìkìtì bí agbòòrùn, wọ́n da omi lù ú, ó ké, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Òtútù mú èmi tí mò ń wò ó. Àwọn obìnrin á wá fún wọn ní ẹyin aláràbarà.

A gun òkè lọ wo ilé olódi wọn. Lẹ́yìn tí àwọn jagunjagun Mongol láti Éṣíà kó ilẹ̀ Họ́ngárì ní 1241 ni wọ́n kọ́ ọ. Ìtàn wọn ní olówó kan jí arẹwà obìnrin gbé sínú rẹ̀. Àjẹ́ ni ìyá tó tọ́ obìnrin náà, ló bá ní kí àwọn ọmọ èṣù di ẹyẹ ìwò kí wọ́n máa kó òkúta ilé náà lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Màmá ì bá gbádùn àlọ́ yẹn.

Mo jẹ sztrapacska, ànàmọ́ òyìnbó tí wọ́n rin mọ́ ìyẹ̀fun tí wọ́n sè, tí wọ́n bu wàràkàṣì lé. Ó dùn, kò ní ata. Mo yege ìdánwò mi méjèèjì. Eyín mi ti san.

Ilé ìhunṣọ kan wà níbẹ̀. Obìnrin ló jókòó sídìí òfì, ó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí àwọn ọkùnrin Ìṣẹ́yìn, ọkọ̀ òwú ń lọ ó ń bọ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí apasà Màmá, igi pẹlẹbẹ tó fi ń lu òwú, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mú kó máa dán níbi tó ti ń hun kíjìpá. Òkè àjà ló wà, lẹ́yìn àpótí aṣọ. Bí wọ́n bá wó ilé yẹn, igi ìdáná ni wọ́n máa fi ṣe.

Ìyábọ̀, jọ̀ọ́, má bínú pé ìwọ ni mò ń rán. Lọ sílé lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Bá mi gbé apasà náà pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ, kí o sì ya fọ́tò ilẹ̀kùn yàrá Màmá, tinú-tẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, bá mi kúnlẹ̀ fún bàbá yín. Àwọn nìkan ni Bọ̀ọ̀dá Àgbà ń gbọ́ tiwọn. Kí wọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́ kó dúró di oṣù kẹjọ tí mo máa wálé. Mi ò ní kó má kọ́ ṣọ́ọ̀bù o. Ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tó ó kọ́ mẹ́fà, ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti fi tún òrùlé ṣe, sọ fún wọn.

Bí o bá ti dé ibẹ̀, kó tó di pé o bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi pé ilé náà ṣì dúró.

Èmi ni,
Títí rẹ