Lẹ́tà ẹ̀sùn lórí mọ́tò ìdílé àti ìjókòó ọmọ tí ẹ tà fún wa

Bódìjà,
Ìbàdàn.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ẹ̀ka Títa Ọkọ̀ Ìdílé,
Ìkẹjà, Èkó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti bá àwọn ọmọ iṣẹ́ yín sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí fóònù, mo sì ti bá wọn sọ ọ́ lórí WhatsApp. Èsì tí wọ́n fún mi kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá, ìdí nìyí tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè dé ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ ni ilé iṣẹ́. Ẹ̀sùn mi dá lórí Sienna 2011 tí èmi àti bàbá Mofẹ́ rà lọ́wọ́ yín, àti ìjókòó ọmọ ọwọ́ tí ẹ fi kún un nítorí pé ẹ̀ ń polówó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí "Mọ́tò Ìyá Ọmọ". N kò bá àwọn tó ṣe mọ́tò náà jà o. Ohun tí wọ́n ṣe sí i lẹ́yìn tó wọ ọgbà yín, àti ohun tí wọ́n sọ fún wa ká tó sanwó, ni mò ń bá yín sọ.

Nígbà tí mo lóyún ọmọ wa kẹta, a rí i pé Corolla wa kò ní gbà wá mọ́. Iléṣà ni ìyá ọkọ mi ń gbé, a kì í sì í pẹ́ ká tó lọ kí wọn. Ẹni tó bá ń gba Ìkirè àti Gbọ̀ngán kọjá mọ irú eré tí tírélà ń sá lójú ọ̀nà yẹn, ó sì mọ bí dírẹ́bà ṣe ń já mọ́tò wọ ọ̀nà ẹlòmíràn nítorí àtiyẹ kòtò. Torí náà, a ò béèrè ẹ̀rọ orin, a ò béèrè táyà ológe. Ohun tí mo bi ọmọ yín tó ń tajà ni pé: ṣé irin tí wọ́n fi ń kọ́ ìjókòó ọmọ wà ní ìlà kejì? Ṣé gbogbo bẹ́líìtì ló ń ṣiṣẹ́? Airbag ńkọ́, ìyẹn àpò afẹ́fẹ́ tó ń bẹ́ jáde tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, ṣé ó pé? Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló pé." Orí ọ̀rọ̀ yẹn la dúró sí tá a fi sanwó.

Ká tiẹ̀ kọ́kọ́ mú ti irin yẹn. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2002 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí mọ́tò tuntun ní irin kékeré méjì níbi tí ẹ̀yìn àga ti pàdé ibi ìjókòó, pẹ̀lú ìkọ́ kan lẹ́yìn àga tí wọ́n ń fi okùn òkè ìjókòó ọmọ há. LATCH ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ tiwọn. Èyí tí àwọn ará Yúróòpù ń lò ni ISOFIX. Mọ́tò Amẹ́ríkà ni tiwa, irin náà sì wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ọmọ yín kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti rán awọ tuntun bo gbogbo àga kí mọ́tò lè máa dán lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Mo ti ìka bọ àárín àga, fóòmù àti awọ ni mo bá. Bàbá Mofẹ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láti òsì dé ọ̀tún, ìgbà náà ló tó mọ irin náà lára lábẹ́ awọ, wọ́n ti rán an pa síbẹ̀. Ìkọ́ ẹ̀yìn àga náà, wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ kápẹ́ẹ̀tì tuntun bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tó ránṣọ àga mọ iṣẹ́ rẹ̀, rírán náà mọ́ gan-an ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un ohun tí irin yẹn wà fún, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbéṣẹ́ fún un lẹ ń tà á gẹ́gẹ́ bíi mọ́tò ọmọ ọwọ́.

A ní kò burú, bẹ́líìtì mọ́tò náà ṣeé fi de ìjókòó ọmọ. Ó ṣeé fi dè é lóòótọ́, bí bẹ́líìtì bá dá ṣáṣá. Nínú mọ́tò Amẹ́ríkà, bí ẹ bá fa bẹ́líìtì àga ẹ̀yìn jáde títí tó fi tán, tí ẹ wá ń dá a padà díẹ̀díẹ̀, ẹ ó máa gbọ́ kẹ́-kẹ́-kẹ́. Ìró yẹn ló ń fi hàn pé ó ti há, kò ní gùn sí i mọ́ àyàfi tó bá padà wọlé tán pátápátá. Bó ṣe há yẹn ni kì í jẹ́ kí ìjókòó ọmọ mì. Ti apá òsì dún dáadáa. Ti apá ọ̀tún, níbi tá a fẹ́ gbé ọmọ sí, kò dún rárá, ó kàn ń lọ ó ń bọ̀ ni. Nígbà tá a wò ó dáadáa, ìwé kékeré tí wọ́n máa ń rán mọ́ ìsàlẹ̀ bẹ́líìtì wà lára ti òsì, kò sí lára ti ọ̀tún. Mẹkáníìkì wa tú ike ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì sọ fún wa pé bẹ́líìtì mọ́tò mìíràn ni wọ́n dè síbẹ̀.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti airbag. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, iná pupa kan tó ní àwòrán ènìyàn tó jókòó, tí nǹkan rìbìtì wà níwájú rẹ̀, gbọ́dọ̀ tàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó tó kú. Tó bá tàn tó sì kú, kò sí wàhálà. Tó bá tàn tí kò kú mọ́, nǹkan kan ti bàjẹ́. Ti mọ́tò yìí kò tàn rárá, a ò sì rí i kó tàn látọjọ́ tá a ti gbé e. Rìwáyà kan ní Ìwó Road tú dáṣíbọ́ọ̀dù níwájú wa. Kò pẹ́ tó fi rí i: wọ́n ti gé téèpù dúdú pélébé kan, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú iná náà láti inú. Ó ṣí téèpù kúrò, ó yí kọ́kọ́rọ́, iná pupa tàn, kò sì kú mọ́ títí tó fi pa mọ́tò. Ẹ̀yin ọ̀gá, èèyàn lè má mọ̀ pé irin wà lábẹ́ awọ. Ẹni tó fi téèpù bo iná kìlọ̀kìlọ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Téèpù náà wà lọ́wọ́ mi nínú àpò ìwé, a sì ya fídíò rẹ̀.

Inú mọ́tò yìí kan náà ni ọmọ yín ti ní kí n gbé ìjókòó ọmọ síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, "kí ojú Mọ́mì lè máa wà lára bébì". Ìkìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀ wà lára pátákó tí wọ́n fi ń bo oòrùn níwájú àga yẹn gan-an, àwòrán sì wà níbẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọjú sẹ́yìn mọ́tò, torí pé orí rẹ̀ wúwo ju agbára ọrùn rẹ̀ lọ. Tí mọ́tò bá forí sọ nǹkan, ẹ̀yìn ìjókòó náà ni yóò gba agbára yẹn, ọrùn ọmọ kò ní gbà á. Tí ẹ bá wá gbé e síwájú, ẹ̀yìn ìjókòó náà ti fara kan dáṣíbọ́ọ̀dù nìyẹn. Airbag máa ń bẹ́ jáde kéèyàn tó ṣẹ́jú, ibi tí orí ọmọ wà ni yóò sì gbá. Ọmọ tó bá kọjú sẹ́yìn, ẹ̀yìn mọ́tò ni ipò rẹ̀.

Ìjókòó ọmọ náà ńkọ́? Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní London ló ní kí n dojú rẹ̀ dé kí òun wò ó lórí fídíò. Lọ́dọ̀ tiwọn, òfin ní kí ọmọ máa lo ìjókòó tirẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí tí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé, nítorí náà kì í ṣe ohun àjèjì sí i. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni ìwé tó máa ń wà lára rẹ̀, tí orúkọ, nọ́ńbà àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é máa ń wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti fi abẹ ha á kúrò, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Ó ní kí n wo ara ike ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo rí òbìrí kékeré kan tí wọ́n tẹ̀ sínú ike, nọ́ńbà 1 sí 12 yí i ká, ọfà kan kọjú sí 6, 09 sì wà láàárín. Oṣù kẹfà ọdún 2009 ni wọ́n rọ ike yẹn. Ìjókòó ọmọ a máa lọ́jọ́ orí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ń fún un ní ọdún mẹ́fà sí mẹ́wàá, nítorí pé ooru àti oòrùn ń mú ike gbó. Èyí tí ẹ gbé fún wa ti gbó kọjá ìyẹn ṣáájú kí n tó lóyún ọmọ tí ẹ ní ká gbé sínú rẹ̀.

Okùn rẹ̀ kan náà ti já rí. Wọ́n fi okùn báàgì ọmọ ilé ìwé dí i, wọ́n sì fi òwú lásán rán an pọ̀. Mo fà á díẹ̀, òwú náà ń ṣí. Bóyá mọ́tò tí ìjókòó yìí wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti ní jàǹbá, èmi kò lè mọ̀, ẹ̀yin náà kò sì lè mọ̀. Ìjókòó tó bá ti wà nínú jàǹbá ńlá, wọ́n kì í lò ó mọ́, nítorí pé ike rẹ̀ lè ti sán lábẹ́ fóòmù láìhàn sójú. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi fi ní òun kì í ra tòkunbọ̀ rẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó. Mọ́tò tòkunbọ̀ kò burú, gbogbo wa là ń gùn ún.

Èsì tí ọmọ yín fi ránṣẹ́ sí mi rèé, mo kọ ọ́ bó ṣe kọ ọ́: "Mọ́mì, tí kò bá wù yín, ẹ gbé béèbì lé ẹsẹ̀, ṣebí bí wọ́n ṣe gbé gbogbo wa náà nìyẹn." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé fún un. Tí mọ́tò tó ń sáré kìlómítà 50 ní wákàtí kan bá forí sọ nǹkan, ìwọ̀n ọmọ á di ìlọ́po ogún sí ọgbọ̀n lójú ẹsẹ̀. Ọmọ kìlógíráàmù 7 á di bí àpò símẹ́ǹtì mẹ́ta sí mẹ́rin. Kò sí ìyá tí ọwọ́ rẹ̀ lè di ìyẹn mú. Eré tí wọ́n ń sá lọ sí Iléṣà sì ju 50 lọ fíìfíì.

Ó tún ní kí n wo ìsàlẹ̀ rìsíìtì, níbi tí ẹ kọ ọ́ sí pé owó tí ẹ bá ti gbà kò ṣeé dá padà. Mo ti wò ó. Òfin ìdíje àti ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti ọdún 2018, fún ẹni tó rajà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí kò léwu, tó sì lè ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tà á fún. Ìlà kan ní ìsàlẹ̀ rìsíìtì kò lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Kí ẹ dá gbogbo owó ìjókòó ọmọ tí ẹ kà mọ́ owó mọ́tò padà. N kò fẹ́ kí ẹ fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀, tuntun tó ní ìwé lára ni màá fúnra mi rà. Kí ẹ ṣí awọ àti kápẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò lórí irin àti ìkọ́ ìlà kejì, kí ẹ sì fi bẹ́líìtì tó jẹ́ ti mọ́tò náà gan-an sí apá ọ̀tún. Ní ti airbag, kí ẹ gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò, kó fún mi ní ìwé ohun tó rí àti ohun tó tún ṣe. Pípa iná náà lásán kọ́ ni mo ń sọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ yẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò náà wò, ìyẹn VIN tó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17, torí pé Sienna 2011 wà lára mọ́tò tí wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà nítorí airbag tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe, ó sì yẹ ká mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ ti èyí kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó. Ẹ̀yin lẹ máa san owó gbogbo rẹ̀. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ wá gbé mọ́tò yín, kí ẹ sì dá owó wa padà.

Ohun kan ṣì kù tí kì í ṣe tèmi nìkan. Èmi kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó ra "Mọ́tò Ìyá Ọmọ" lọ́wọ́ yín, fọ́tò àwọn tó ti rà á kún ojú ìwé ìpolówó yín. Ẹ pè wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n ti ìka bọ àárín àga, kí wọ́n fa bẹ́líìtì títí dé òpin, kí wọ́n yí kọ́kọ́rọ́ kí wọ́n sì wo iná. Ẹni tó ń rán àga fún yín náà, ẹ fi irin yẹn hàn án kó lè máa la awọ níbẹ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún un.

Mo ń retí yín kí oṣù yìí tó parí. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà yìí, fọ́tò àti fídíò rẹ̀ yóò dé ọ́fíìsì FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, àti ti LASCOPA, irú àjọ bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó.

Sienna náà wà nílẹ̀ nínú ọgbà wa, Corolla la ṣì fi ń rìn. Tí ẹ bá fẹ́ rán ẹnì kan wá wò ó, ọjọ́ Sátidé ló rọ̀ wá lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ìjókòó ọmọ yẹn kò ní bá a padà sí Èkó, kí ẹ má baà tún gbé e fún ìyá ọmọ mìíràn. Tí ẹni tí ẹ rán bá dé, màá gé gbogbo okùn ìjókòó náà níwájú rẹ̀, kó ya fọ́tò rẹ̀ fún yín.

Èmi ni tiyín,

Ìyá Mofẹ́