Ẹ jẹ́ kí a fi igi ìdáná sílé

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Àsìkò ooru ti ń wọlé, àwọn ìdílé wa ní New Jersey sì ti ń múra àtilọ pàgọ́ ní Harriman State Park ní ìpínlẹ̀ New York. Inú mi dùn sí i gidigidi. Adágún 31 ló wà nínú igbó náà, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa mọ igbó, kí wọ́n má fi gbogbo ìsinmi tẹ fóònù. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí àwọn òǹkàwé yín: kí wọ́n má di igi ìdáná láti ilé.

Òfin New York kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti kó igi ìdáná tí wọn kò fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀ wọ ìpínlẹ̀ náà. Kódà, èyí tí wọ́n gé ní New York gan-an kò gbọdọ̀ jìnnà ju 50 máìlì lọ sí ibi tí wọ́n ti gé e. Mo ń gbọ́ tí àwọn èèyàn wa ń sọ pé ọgbọ́n àtitajà ni. Rárá o! Kòkòrò ni wọ́n ń sá fún.

Emerald ash borer lorúkọ rẹ̀. Éṣíà ló ti wá. Lọ́dún 2002 ni wọ́n kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà, nítòsí ìlú Detroit. Nígbà tó fi máa di 2009, ó ti dé New York. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà: abẹ́ èèpo igi ash, irú igi kan tó ń hù nínú igbó ìhín, ni ìdin rẹ̀ ń gbé, ibi tí omi àti oúnjẹ igi ń gbà kọjá ló sì ń jẹ, títí igi á fi gbẹ láti òkè wá. Àìmọye mílíọ̀nù igi ló ti pa. Ohun tó dùn mí ni pé àwa gan-an là ń gbé e kiri, torí kòkòrò yìí fúnra rẹ̀ kì í fò jìnnà. Inú igi tí a dì sí búùtù ọkọ̀ wa ló ń fara pamọ́ sí. Ẹ lè yẹ igi wò tọkàntọkàn kí ẹ má rí nǹkan kan.

Mo mọ̀ bí ìrẹsì orí igi ṣe ń dùn tó, n kò ní kí ẹnikẹ́ni má sè é. Ẹ ra igi nítòsí ibi tí ẹ fẹ́ pàgọ́ sí, tàbí èyí tí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé wọ́n ti fi ooru tọ́jú. Bí ẹnìkan bá ti kó tirẹ̀ débẹ̀ kó tó ka lẹ́tà yìí, kó má gbé e padà sílé, kó má sì dà á sínú igbó. Kó sun ún tán síbẹ̀, tòun ti èèpo àti èérún rẹ̀, ní ojú ààrò tí wọ́n ṣe fún iná.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Ẹ̀gbá kan, Newark, New Jersey