Kí ìgbìmọ̀ ọ̀dọ́ lówó lọ́wọ́, kó sì láṣẹ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ wa lè rí i kà.

Láti ọdún 1964 ni ìgbìmọ̀ ọ̀dọ́ ti wà ní Nàìjíríà. Àmọ́ ní àdúgbò tèmi, iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé fún àwọn ọ̀dọ́ ni kí wọ́n to àga, kí wọ́n gbé kánópì ró, kí wọ́n pín omi inú ọ̀rá fún àlejò. Bí ọ̀rọ̀ bá kan owó, ìta ni wọ́n ń wà. Wọ́n gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ kan fún wa. Iwájú ilé àwọn tó ti ní tiwọn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí. Àwọn ọmọ tó ń ru kẹ́ẹ̀gì sọdá títì márosẹ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé ni ì bá júwe ibi tó yẹ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Ṣé a wá ń fárí lẹ́yìn olórí ni?

Ní ọdún 2014, ìjọba ìlú Boston ní Amẹ́ríkà ya mílíọ̀nù kan dọ́là sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ láti pinnu ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Àwọn fúnra wọn ló dábàá, àwọn náà ló dìbò, ọmọ ọdún 12 sì wà lára wọn. Kọ̀ǹpútà fún ilé ẹ̀kọ́ girama wà lára ohun tí wọ́n yàn.

Lóòótọ́, òfin ọdún 2018 ti jẹ́ kí ẹni ọdún 25 lè dupò aṣòfin níbí. Ṣùgbọ́n mélòó ló lówó fọ́ọ̀mù? Ọmọ ọdún 16 ńkọ́, tí kò tíì lè dìbò rárá? Ìgbìmọ̀ ọ̀dọ́ nìkan ni ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2019 sì ti là á sílẹ̀ pé ẹni ọdún 15 sí 29 là ń pè lọ́dọ̀ọ́. Ó ń dùn mí gan-an pé ẹni tó ti lé ní 40 ṣì ń jókòó sórí àga wọn.

Mo ń bẹ àwọn alága wa: ẹ jẹ́ kí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan dìbò yan ọ̀dọ́kùnrin kan àti ọ̀dọ́bìnrin kan. Ẹ fún wọn ní iye owó pàtó, bó ti wù kó kéré mọ, kí wọ́n pinnu bí a ó ṣe ná an. Tí ẹ bá kọ àbá wọn, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sínú ìwé fún wọn. Kí ẹ tó kọ ètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ ni kí ẹ ti pè wọ́n, kó má jẹ́ ọjọ́ tí ẹ bá ń ṣí iṣẹ́ tó ti parí.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn